Báwo ni Richard Galliano ṣe gba ọ̀nà táńgò dé ibi tí akọ́díọ̀nù rẹ̀ dé?

Akọ́díọ̀nù Ṣọ́ọ̀ṣì:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà olórin àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Akọ́díọ̀nù olójú píánò ni mo ń tẹ̀ nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìbàdàn, mo sì máa ń bá ẹgbẹ́ jùjú kan ṣeré nígbà tí wọ́n bá ní òde. Láìpẹ́ yìí ni ọ̀rẹ́ mi kan fi orin Richard Galliano, ọmọ Faransé, ránṣẹ́ sí mi, láti ìgbà náà ni n kò sì ti fi bẹ́ẹ̀ tẹ́tí sí nǹkan mìíràn mọ́.

Ohun tí ó ń yà mí lẹ́nu ni pé orin ọkùnrin náà kò dúró sójú kan. Àwo kan jẹ́ táńgò àwọn ará Ajẹntínà, òmíràn jẹ́ orin Bach, olórin Jámánì ayé àtijọ́, òmíràn jáàsì pẹ̀lú àwọn ọmọ Amẹ́ríkà, síbẹ̀ bí wọ́n bá di ojú mi, ìlà orin díẹ̀ péré ni n ó gbọ́ kí n tó mọ̀ pé òun ni. Mo fi orin náà han ẹnìkan nínú ẹgbẹ́ wa, ó sì ní ẹni tí ó bá ń ti ibi kan bọ́ sí ibòmíràn báyìí kò ní ilé nínú orin, àti pé kí n dojú kọ jùjú tí mo mọ̀.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín, ẹ là mí lọ́yẹ̀. Báwo ni ọmọ Faransé ṣe di ẹni tí à ń dárúkọ bí a bá ń sọ̀rọ̀ táńgò? Ṣé ó kọ orin ilé rẹ̀ sílẹ̀ ni? Ṣé akọ́díọ̀nù náà kan náà ni àwọn ará Ajẹntínà ń lò, tàbí ohun èlò mìíràn ni? Bí ẹni bíi tèmi bá sì fẹ́ kọ́ nǹkan nínú rẹ̀, níbo ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀?

Bàbá Olórin:

Àbúrò, o káre. Ohun tí ẹni inú ẹgbẹ́ yín sọ ni n ó kọ́kọ́ fèsì sí, nítorí ó fọwọ́ kan ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an, bí ó tilẹ̀ ṣì í sọ. Táńgò ni ó rán Galliano padà sílé.

Agbègbè Cannes, ní etíkun gúúsù Faransé, ni wọ́n ti bí i ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 1950. Olùkọ́ akọ́díọ̀nù ni bàbá rẹ̀, Lucien Galliano, tí orírun rẹ̀ jẹ́ Ítálì, ọmọ náà sì ti ń tẹ akọ́díọ̀nù láti ìgbà tí ó wà ní ọmọ ọdún mẹ́rin. Nígbà tí ó wọ ilé ẹ̀kọ́ orin gíga ní ìlú Nice, ó kọ́ bí a ṣe ń to ohùn lé ohùn, ó kọ́ bí ìlà orin méjì ṣe ń rìn pọ̀ láìjẹ́ pé ọ̀kan bo èkejì mọ́lẹ̀, ó sì kọ́ fèrè trombone. Lójú tèmi, fèrè yìí ṣe pàtàkì ju bí àwọn tí ń sọ ìtàn rẹ̀ ṣe máa ń kà á sí lọ, nítorí ẹni tí ó bá ti fi èémí ara rẹ̀ fọn fèrè rí yóò mọ ibi tí ó yẹ kí orin ti mí, ọ̀pọ̀ àwa tí ń tẹ akọ́díọ̀nù ni a sì ń fa ẹwìrì lọ fa ẹwìrì bọ̀ láìro ti èémí rárá.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni nígbà tí ó gbọ́ Clifford Brown, ọmọ Amẹ́ríkà tí ń fọn tróńpẹ́ẹ̀tì nínú jáàsì. Ó fara balẹ̀ ṣe àdàkọ ohun tí ọkùnrin náà ń dá lójú ẹsẹ̀, ó sì ń yà á lẹ́nu pé ohun èlò tí òun ń tẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ipò kankan nínú irú orin bẹ́ẹ̀. Ní 1973 ó kó lọ sí Párís. Níbẹ̀ ni ó ti bá Claude Nougaro, gbajúgbajà akọrin, ṣiṣẹ́ títí di 1983, tí ó ń tẹ akọ́díọ̀nù fún un tí ó sì ń bá a hun orin. Ó tún tẹ̀ ẹ́ fún Barbara àti Juliette Gréco, àwọn obìnrin akọrin Faransé. Iṣẹ́ tí ó ń mówó wọlé ni, ó sì gbayì, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn akọrin ni alákọ́díọ̀nù máa ń wà. Yàtọ̀ sí èyí, ojú orin àwọn arúgbó ni àwọn ọ̀dọ́ Faransé fi ń wo akọ́díọ̀nù láyé ìgbà náà. Gìtá ni wọ́n ń lépa.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ni ó pàdé Astor Piazzolla, onítáńgò ọmọ Ajẹntínà. Kí ohun tí ọkùnrin yìí sọ fún un tó yé ọ, o ní láti mọ ohun tí ojú òun náà ti rí. Ìlú Mar del Plata ní Ajẹntínà ni wọ́n ti bí Piazzolla ní 1921, ṣùgbọ́n New York ni ó ti lo púpọ̀ nínú ìgbà èwe rẹ̀, ibẹ̀ ni bàbá rẹ̀ sì ti ra bandoneón àlòkù, ohun èlò ẹlẹ́wìrì tí àwọn onítáńgò ń tẹ̀, fún un nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ó dàgbà, ó padà sí Buenos Aires, ó wọ ẹgbẹ́ Aníbal Troilo, ẹgbẹ́ táńgò tí ó lókìkí jọjọ nígbà náà. Síbẹ̀ ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ó fẹ́ kí wọ́n kà á mọ́ àwọn tí ń kọ orin ńlá fún gbọ̀ngàn, ó sì gba owó ẹ̀kọ́ lọ sí Párís ní 1954 láti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Nadia Boulanger, obìnrin olùkọ́ tí kò fi ojúure wo iṣẹ́ àfarawé. Ó kó àwọn orin ńláńlá tí ó ti kọ sílẹ̀ fún un. Obìnrin náà wò wọ́n, ó ní wọ́n kọ wọ́n dáadáa, ṣùgbọ́n òun kò rí Piazzolla nínú wọn. Ó wá ń bi í léèrè ohun tí ó ń ṣe jẹun ní ìlú rẹ̀. Ojú ń ti Piazzolla láti sọ pé táńgò ni. Nígbà tí ó ṣe ó jẹ́wọ́, ó tẹ táńgò kan tí ó kọ fúnra rẹ̀ lórí píánò, Boulanger sì wí fún un pé èyí gan-an ni Piazzolla, kí ó má ṣe fi sílẹ̀ láé. Ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni ó dá ẹgbẹ́ olórin mẹ́jọ sílẹ̀ ní Buenos Aires, tí ó da jáàsì àti ohun tí ó kọ́ lọ́dọ̀ Boulanger pọ̀ mọ́ táńgò, tí àwọn onítáńgò àtijọ́ sì ń bú u pé ó ti ba orin baba wọn jẹ́.

Ọkùnrin yìí ni ó wá gba Galliano nímọ̀ràn pé bí òun ti sọ táńgò di ọ̀tun, kí Galliano náà lọ sọ orin Faransé di ọ̀tun. Orin Faransé tí ó ń wí ni musette, orin ijó àwọn òṣìṣẹ́ àti aṣíkiri ní Párís. Àwọn ará Auvergne, agbègbè kan ní Faransé, tí wọ́n wá ṣiṣẹ́ ní ìlú náà ni wọ́n kọ́kọ́ ń fi fèrè aláwọ wọn ṣe é, pàápàá ní àdúgbò rue de Lappe. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni àwọn ọmọ Ítálì mú akọ́díọ̀nù wọ inú rẹ̀, kò sì pẹ́ tí akọ́díọ̀nù fi gba ipò lọ́wọ́ fèrè. Àbí o kò rí i pé orin ìdílé Galliano gan-an ni, orin tí bàbá rẹ̀ ń fi kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́?

Ní 1991 ni àwo tí ó pè ní *New Musette* jáde, pẹ̀lú Philip Catherine lórí gìtá, Pierre Michelot lórí báàsì àti Aldo Romano lórí ìlù. Ijó ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta àtijọ́ ni o máa gbọ́, ṣùgbọ́n àwọn ohùn tí ó tò sábẹ́ rẹ̀ ti jáàsì wá, ìlù rẹ̀ kò sì dúró gbọnin bí ìlù ilé ijó. Ẹ̀yìn èyí ni gbogbo ohun tí o ń gbọ́ wọ̀nyẹn tó ṣẹlẹ̀: *New York Tango* ní 1996 pẹ̀lú George Mraz àti Al Foster, àwo tí òun àti Gonzalo Rubalcaba ọmọ Kúbà pẹ̀lú Charlie Haden ọmọ Amẹ́ríkà ṣe ní 2008, orin Bach ní 2010. Piazzolla kú ní 1992, Galliano sì kó olórin méje jọ láti fi orin rẹ̀ ṣe ìrántí, tí àwo rẹ̀ jáde ní 2003. Mo rọ̀ ọ́ kí o gbọ́ èyí tẹ̀lé *New Musette*, má ṣe gbọ́ ọ ṣáájú.

Ìyá Àkàndé:

Ẹ ṣeun, Bàbá. Mo fẹ́ kí ẹ fi ohun kan kún un. Bí mo bá ń gbọ́ Piazzolla, ìlù abẹ́ rẹ̀ jọ ohun tí etí mi mọ̀. Bí a bá ka ìdá mẹ́jọ, mẹ́ta, mẹ́ta, méjì ni ó ń pín wọn sí, mo sì ti gbọ́ irú ìpín yìí nínú ìlù wa láìlóǹkà. Ṣé a kò lè sọ pé ọ̀dọ̀ Yorùbá ni ìlù inú táńgò ti wá? Ó kéré tán, àwọn èèyàn wa wà ní Bùràsílì àti Kúbà, Ajẹntínà kò sì jìnnà sí Bùràsílì.

Onílù Mẹ́ta:

Ìyá wa, ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀wọ̀ yà kúrò lọ́dọ̀ yín lórí èyí. Pé ọwọ́ àwọn ọmọ Áfíríkà wà nínú táńgò, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n agbègbè Kóńgò àti Àǹgólà ni wọ́n ti kó púpọ̀ jùlọ nínú àwọn ẹrú tí ó dé etí odò Río de la Plata, níbi tí Buenos Aires àti Montevideo wà. Àmì wọn hàn títí di òní nínú candombe ní Urugúwè, níbi tí wọ́n ti ń lu oríṣi ìlù mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní chico, repique àti piano káàkiri àdúgbò. Ní 2009, ọdún kan náà, ni UNESCO fi candombe àti táńgò sínú àkójọ ogún àṣà àgbáyé.

Ìpín mẹ́ta, mẹ́ta, méjì tí ẹ gbọ́ yẹn tàn ká ilẹ̀ Áfíríkà púpọ̀, kì í ṣe ti ìlú kan ṣoṣo. Ọ̀nà kan tí irú ìlù bẹ́ẹ̀ gbà dé Buenos Aires ni habanera, orin ijó kan ti Kúbà, tí àwọn ọkọ̀ ojú omi ń gbé láti èbúté dé èbúté ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Bí a bá fẹ́ wá ọwọ́ Yorùbá, bàtá ní Kúbà àti ìlù òrìṣà ní Salvador ní Bùràsílì ni kí á lọ wò, ibẹ̀ ni ó ti hàn gbangba tí kò sí ẹni tí ó lè jà wá níyàn. Ó máa ń wù wá láti fi orúkọ wa sí ohun gbogbo tí ó bá dùn, n kò yọ ara mi sílẹ̀.

Kí n tó gbàgbé: táńgò kò fi bandoneón bẹ̀rẹ̀. Fèrè, fayolín àti gìtá ni àwọn ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ ń lò, orin náà sì yára, ó ń ta pọ́nún pọ́nún. Ìgbà tí bandoneón wọlé ní nǹkan bí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni ìrìn rẹ̀ falẹ̀, tí ìbànújẹ́ tí a mọ̀ mọ́ ọn sì wọ inú rẹ̀.

Àtúnṣe Ohun Èlò:

Kò tíì sí ẹni tí ó dáhùn ìbéèrè lórí ohun èlò, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ tèmi sì nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n tí ó béèrè, bandoneón àti akọ́díọ̀nù kì í ṣe ọ̀kan náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹwìrì ni ó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí àwọn méjèèjì tí ahọ́n irin sì ń mì nínú wọn. Ní Vienna, ní 1829, ni Cyrill Demian ti gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí akọ́díọ̀nù. Bandoneón gba orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ Heinrich Band, oníṣòwò ohun èlò orin ní Krefeld ní Jámánì, ní àárín ọ̀rúndún kan náà. Èyí tí àwọn onítáńgò fẹ́ràn jùlọ ni ti ilé iṣẹ́ Alfred Arnold ní Carlsfeld, tí wọ́n fi lẹ́tà A méjì sàmì sí. Àwọn tí wọ́n ṣe ṣáájú Ogun Àgbáyé Kejì ni wọ́n ń wá kiri títí di òní.

Bọ́tìnì 71 ni ó wà lára bandoneón tí wọ́n ń lò ní Ajẹntínà: 38 lọ́wọ́ ọ̀tún, 33 lọ́wọ́ òsì. Ohun tí ó mú kí ó le ni pé bọ́tìnì kan náà máa ń mú ohùn kan jáde bí ẹ bá ń ṣí ẹwìrì, kí ó sì mú òmíràn jáde bí ẹ bá ń pa á dé. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n tẹ̀ ní láti há ètò mẹ́rin sórí. Nítorí èyí ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń tẹ púpọ̀ nínú orin nígbà tí ẹwìrì bá ń ṣí, tí wọn a wá fi àtàǹpàkò ọ̀tún ṣí ojú afẹ́fẹ́ láti pa á dé kíákíá. Àwọn èémí tí ẹ máa ń gbọ́ láàárín ìlà orin Piazzolla ti ibẹ̀ wá. Galliano mọ bandoneón tẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ lórí àwo 2003 tí Bàbá dárúkọ, ṣùgbọ́n akọ́díọ̀nù oníbọ́tìnì ni ohun èlò rẹ̀ gan-an, tí ilé iṣẹ́ Victoria ní Castelfidardo ní Ítálì ṣe fún un. Bọ́tìnì tirẹ̀ kì í yí ohùn padà pẹ̀lú ẹwìrì.

Ìyàtọ̀ kejì wà nínú ahọ́n. Nínú akọ́díọ̀nù musette àtijọ́, ahọ́n mẹ́ta ni ó máa ń dún fún ohùn kan ṣoṣo: ọ̀kan wà ní ojú ìwọ̀n, wọ́n rẹ èkejì sílẹ̀ díẹ̀, wọ́n gbé ẹ̀kẹta sókè díẹ̀, òun ni ó ń fa gbígbọ̀n tí a mọ̀ mọ́ orin Párís. Bandoneón kò ní èyí. Ahọ́n méjì ni ó ń dún pa pọ̀ nínú rẹ̀, ọ̀kan lókè ọ̀kan nísàlẹ̀ pẹ̀lú àlàfo ohùn mẹ́jọ, ìró rẹ̀ a sì gbẹ, a sì mú. Ọ̀kan nínú ohun tí Galliano ṣe ni pé ó dín gbígbọ̀n yẹn kù púpọ̀. Nígbà tí gbígbọ̀n bá lọ, etí yóò lè gbọ́ ohùn jáàsì tí a tò jọ láìsí pé wọ́n ń dàrú mọ́ ara wọn.

Akọ́díọ̀nù Ṣọ́ọ̀ṣì:

Ẹ ṣeun gan-an ni, gbogbo yín. Ìtàn Boulanger àti Piazzolla yẹn wọ̀ mí lára, nítorí pé èmi náà ti máa ń tijú láti tẹ jùjú níwájú àwọn tí ó kàwé orin. Ṣùgbọ́n ṣé ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí n má wulẹ̀ kọ́ táńgò rárá? Ohun mìíràn sì ni pé akọ́díọ̀nù tí mo ní ń gbọ̀n púpọ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹ ti ṣàlàyé. Ṣé mo lè mú un lọ kí wọ́n yọ gbígbọ̀n náà kúrò?

Bàbá Olórin:

Kọ́ ọ. Piazzolla ti jókòó nínú ẹgbẹ́ Troilo fún ọdún púpọ̀ kí ó tó dẹ́kun àti máa ṣe táńgò bí ti tẹ́lẹ̀, Galliano sì mọ orin Piazzolla dájú kí ó tó padà sí musette. Ohun tí àwọn méjèèjì kò ṣe ni kí wọ́n fi orin ẹlòmíràn ṣe ìbòjú.

Bí o bá ń wá ẹni tí ó ti rin irú ọ̀nà yìí nílẹ̀ wa, I. K. Dairo ni. Akọ́díọ̀nù kékeré oníbọ́tìnì ni ó gbé wọ inú jùjú, ohun èlò tí wọ́n ṣe fún orin àwọn ará Yúróòpù, ó sì mú kí ó máa dáhùn sí gángan tí ó sì ń tẹ̀lé ìró ohùn Yorùbá. Kò pa jùjú tì láti ṣe é. Ní 1963 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi oyè MBE dá a lọ́lá, nígbà tí ó sì di àgbà ó lọ ṣiṣẹ́ ní yunifásítì kan ní Seattle ní Amẹ́ríkà, láàárín àwọn tí ń kọ́ ìmọ̀ orin àgbáyé. Gbọ́ àwọn ìlà rẹ̀ láìtẹ̀ ẹ́ ná. Wo ibi tí ó ti ń dákẹ́ kí ìlù lè sọ tirẹ̀. Galliano náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú báàsì.

Ìdánrawò tí n ó fún ọ kò pọ̀. Fi ọwọ́ òsì tẹ mẹ́ta, mẹ́ta, méjì láìyára, kí o sì fi ọwọ́ ọ̀tún tẹ orin ìyìn kan tí o mọ̀ dunjú lé e lórí. Má fi àmì ìlù náà sí ẹnu ìka, ẹwìrì ni kí ó ṣe é: fún un díẹ̀ níbi tí ohùn bá wúwo, kí o sì dẹ ọwọ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Àtúnṣe Ohun Èlò:

Ní ti gbígbọ̀n, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé fáìlì sí ahọ́n irin akọ́díọ̀nù yín nítorí pé ẹ gbọ́ orin kan. Bí wọ́n bá ha á jù, irin kò ní padà wá. Ẹ kọ́kọ́ wo àwọn bọ́tìnì tí ń yí ìró padà tí ó wà lókè ojú píánò náà. Àwòrán òbìrìkìtì tí a pín sí ìpele mẹ́ta wà lára ọ̀pọ̀ wọn, pẹ̀lú àmì tóótòòtó nínú rẹ̀. Èyí tí ó bá ní tóótó kan ṣoṣo ní ìpele àárín àti òmíràn ní ìpele ìsàlẹ̀ ni àwọn tí ó ṣe é sábà máa ń pè ní bandoneón, nítorí pé ahọ́n méjì tí àlàfo ohùn mẹ́jọ wà láàárín wọn ni ó ń ṣí, kò sì ní sí gbígbọ̀n nínú rẹ̀. Tí tóótó bá jẹ́ méjì tàbí mẹ́ta ní ìpele àárín, ibẹ̀ ni musette wà. Bí ẹ bá wá rí i pé akọ́díọ̀nù yín kò ní irú bọ́tìnì bẹ́ẹ̀, ẹ ya àwòrán iwájú rẹ̀ kí ẹ fi síbí, n ó wò ó.